Gẹdú Nàìjíríà, Gẹdú Gánà: Ohun tí ìwé èbúté ń sọ àti ohun tí kì í sọ

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà onígẹdú, ẹ kú iṣẹ́, igi kò ní wó lù yín o. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta pákó, ẹ kú ọjà, ajé á wọ̀gbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ igbó ọba, ẹ kú ìṣọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ sá sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo rí yín. Ẹ má tíì sùn o, ìṣirò wà nínú ọ̀rọ̀ òní.

Ìbéèrè tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa ni èyí: láàrin Nàìjíríà àti Gánà, ta ló ta gẹdú jù sókè òkun, nígbà wo sì ni òwò náà lọ sílẹ̀? Ìbéèrè tó dùn létí ni. Ẹ óò rí àwòrán rẹ̀ káàkiri: ìlà méjì tó gòkè, tó tún sọ̀ kalẹ̀, ti Nàìjíríà wọlẹ̀ lẹ́yìn 1976, ti Gánà rá pálá títí di 1995 kó tó wọlẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á ní, "Áà, igbó Nàìjíríà ló kọ́kọ́ tán." Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni ìgbà tí ìjọba ti ilẹ̀kùn èbúté. Kò sọ ìgbà tí ayùn dákẹ́ nínú igbó, nítorí pé ayùn kò dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Nínú òwò àgbáyé, wọ́n pín igi sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni igi bíi páìnì tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Gbogbo igi ewé fífẹ̀ ni èkejì, òun ni wọ́n sì ń pè ní igi líle. Orúkọ ni, kì í ṣe àpèjúwe. Arère tó rọ̀ tí èékánná ń tẹ̀ wọlé, igi líle ni nínú ìwé wọn. Torí náà gbogbo gẹdú tí à ń sọ lónìí, láti arère dé ọ̀pẹ̀pẹ̀, abẹ́ orúkọ kan náà ló wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ

Kí a tó fi ohun méjì wéra, ṣé kò yẹ ká mọ̀ bóyá ohun kan náà ni?

Ẹ mú arère. Àwa ń pè é ní arère. Ará Ẹdó ń pè é ní obeche, èyí sì ni àwọn tó ń ra igi nílẹ̀ Nàìjíríà gbé lọ sí Ìlú Ọba, tó fi di orúkọ ọjà. Gánà ń pè é ní wawa. Ivory Coast ń pè é ní samba, Kamẹrúùnù ń pè é ní ayous, àwọn ará Jámánì sì ń pè é ní abachi. Igi kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́fà! Ìrókò tiwa ni wọ́n gbà káàkiri ayé, àmọ́ bí ó bá dé Gánà, odum ló ń jẹ́. Afárá ni ofram wọn, ìdígbò ni emeri, ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni kusia, àràbà ni onyina. Ẹ̀yin tí òbí yín padà wálé láti Gánà lẹ́yìn òfin àlejò ọdún 1969, ẹ óò ti gbọ́ odum àti wawa lẹ́nu wọn rí.

Ibo ni àṣìṣe ti ń wọlé? Ẹnì kan á kó ìwé èbúté Lagos àti ti Takoradi ní Gánà jọ. Á rí obeche nínú ọ̀kan, á rí wawa nínú èkejì, á wá da wawa sínú àpò "igi mìíràn". Lẹ́yìn náà á kọ ọ́ pé Nàìjíríà ló gbára lé arère, Gánà kò fi bẹ́ẹ̀ tà á. Bẹ́ẹ̀ rèé, arère wà lára igi tó gbé òwò Gánà ró.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ ya òpó kan sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ yín fún orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Arère ni Triplochiton scleroxylon. Ìrókò ni Milicia excelsa, ṣùgbọ́n inú ìwé àtijọ́ ẹ óò bá a ní Chlorophora excelsa. Ẹ má kà á sí igi méjì. Èyí tó ń yọni lẹ́nu jù ni mahogany. Ọ̀gànwó gan-an, Khaya, ni ó tọ́ sí, àmọ́ àwọn tó ń kọ̀wé nígbà náà máa ń da sapele àti gẹdú nohor, tí wọ́n jẹ́ Entandrophragma, mọ́ ọn. Bí ìwé kan bá kọ mahogany láìṣàlàyé, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kí ẹ má fi kọ́lé.

Òṣùwọ̀n: ibi tí ìdá kan nínú márùn-ún ti ń sọnù

Ẹ̀yin àgbà onígẹdú mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi.

Nígbà òyìnbó, Nàìjíríà àti Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, kì í fi mítà wọn igi. Hoppus ni wọ́n ń lò, orúkọ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Hoppus, tó tẹ àtẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní ọ̀rúndún 18. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á ta okùn ìwọ̀n yí àárín igi ká. Ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á pín in sí mẹ́rin. Wọ́n á sọ ìdámẹ́rin yẹn di ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á wá fi gígùn igi sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọn gẹdú kan. Àyíká rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, gígùn rẹ̀ jẹ́ 20. Ẹ pín 12 sí mẹ́rin, 3 ni. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. 9 lọ́nà 20 jẹ́ 180. Ẹsẹ̀ bàtà Hoppus 180 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìṣirò òbìrìkítí gidi wọn igi yẹn, ẹ óò rí 229. Níbo ni 49 tó kù lọ? Wọ́n fi sílẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí èèpo àti ẹ̀gbẹ́ igi tí sọ́mìlì yóò gé sọnù. Ẹni tó ń rà kò fẹ́ sanwó èèpo.

Kò sí ìjà nínú ìyẹn bí a bá mọ̀. Ìjà ń bẹ nígbà tí a kò bá mọ̀. Mítà onígun mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn kúbíìkì mítà, kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà Hoppus 27.74. Torí náà gẹdú wa jẹ́ kúbíìkì mítà 6.49. Bí ẹnì kan bá rò pé ẹsẹ̀ bàtà lásán ni 180 yẹn, tó pín in sí 35.3, 5.10 ni yóò rí. Ó ti sọ ju ìdá kan nínú márùn-ún igi náà nù lórí tábìlì, láìgbé ayùn. Ẹ tún wá wò ó: wọ́n tún ń ka gẹdú ní tọ́ọ̀nù. Tọ́ọ̀nù yìí kì í ṣe ti òṣùwọ̀n wúwo! Tọ́ọ̀nù Hoppus kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà Hoppus 50, ìyẹn kúbíìkì mítà 1.8, ìbáà jẹ́ arère, ìbáà jẹ́ ọ̀pẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá rò pé kílò 1,000 ni, tó wá fi ìwúwo igi pín in, ó ti wọ igbó láìmú àdá dání.

Kí ló dé tí mo fi dúró pẹ́ níbí? Nítorí pé láàrin àwọn ọdún 1970 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì bọ́ sórí mítà. Àárín ọdún kan náà yẹn ni òfin gẹdú Nàìjíríà bọ́ sí. Bí ìwé bá yí òṣùwọ̀n padà láìsọ, ìlà á fò sókè tàbí kó já lulẹ̀, ẹ óò sì máa wá òfin tó fà á, nígbà tó jẹ́ pé okùn ìwọ̀n ló yí padà.

Nígbà tí méjèèjì jọ ń tà

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ìtàn.

Gold Coast bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gànwó ní ìparí ọ̀rúndún 19. Odò Ankobra ni igi ń bá wá sí Axim létí òkun. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé: ọdún 1903 ni ó ti Sekondi kan Kumasi. Ọdún 1928 ni wọ́n ṣí èbúté Takoradi. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé gẹdú Gánà rí ojú irin gùn láti àárín igbó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun.

Tiwa yàtọ̀. Omi ni ọ̀nà tiwa. Igi Ẹdó àti ti ìhà Delta ń gba odò lọ sí Sapele. Ti Oǹdó àti Ìjẹ̀bú ń gba ọ̀sà lọ sí Èkó, sí Èbúté Mẹ́tta àti Òkò Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọ̀pọ́n igi rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á to arère àti igi fúyẹ́ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú wọn, wọ́n á fi okùn tàbí wáyà dè é pọ̀. Arère tó ti gbẹ kì í ju bíi kílò 380 lọ nínú kúbíìkì mítà kan. Ekki, igi wúwo kan, ju 1,000 lọ. Ekki á rì bí òkúta. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ tútù pẹ̀lú á rì. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé irú wọn, wọ́n á so wọ́n mọ́ àárín igi fúyẹ́, kí fúyẹ́ gbé wúwo. Bí okùn bá já lóru, gẹdú ọ̀pẹ̀pẹ̀ yẹn ti di ti ẹja.

Omi yìí ní ipa lórí ìwé. Igi tó bá léfòó dáadáa ni yóò rọrùn láti tà. Ojú irin ní tirẹ̀ kò bèèrè ẹni tó léfòó. Bí ẹ bá rí i pé arère àti abura pọ̀ nínú ìwé àtijọ́ Nàìjíríà, ẹ má kàn sọ pé àwọn nìkan ló wà nínú igbó.

Ẹ jẹ́ ká tún wo arère náà fínnífínní, nítorí òun ló kọ́ àwọn onígẹdú méjèèjì ní sùúrù. Ìdí rẹ̀ yọ apá bí ògiri, tó lè ga ju orí èèyàn lọ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ gé e á kọ́ pẹpẹ igi yí i ká, á dúró lórí rẹ̀, á gé e lókè apá yẹn. Bí igi bá ti wó, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Arère kì í dúró dè ọ́. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, èbu aláwọ̀ búlúù á wọ inú rẹ̀ láti ojú tí wọ́n ti gé e, kòkòrò tíńtìntín á sì lu ihò abẹ́rẹ́ sí i lára. Igi náà kò rà, ó ṣì lágbára, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe fíníà, ìyẹn igi tí wọ́n bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní Jámánì kò ní fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, wọ́n á fi ọ̀dà kun ojú méjèèjì, wọ́n á kan irin tó rí bíi lẹ́tà S mọ́ ọn kó má là, wọ́n á sì sáré gbé e dé omi. Bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú igbó ni èrè ti kú. Gẹdú tó kú sínú igbó yẹn kò sí nínú ìwé èbúté kankan. Igbó pàdánù rẹ̀, òwò kò sì jèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun Hitila, ilé tó wó ní Yúróòpù pọ̀, wọ́n ń wá igi lójú méjèèjì. UAC, ilé-iṣẹ́ òwò ńlá àwọn òyìnbó, dá African Timber and Plywood sílẹ̀ ní Sapele. Orúkọ kan náà ni wọ́n lò ní Samreboi ní Gold Coast. Ẹ rò ó wò: olówó kan, igbó méjì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé H. N. Thompson, ọ̀gá igbó ọba tó wá sí Nàìjíríà láti Burma, òun náà ni wọ́n rán lọ wo igbó Gold Coast ní 1908, wọ́n sì dá ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1909. Ojú kan ló wo méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé wọn fi jọra títí di òmìnira, tí ó sì fi rọrùn láti fi wọ́n wéra fún àkókò yẹn. Lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n yà.

Ibi tí wọ́n ti yà: ilé tàbí òkun?

Mo fẹ́ bi yín: gẹdú tó bá kúrò nínú igbó, ta ni yóò kọ́kọ́ lò ó?

Nínú ìkànìyàn ọdún 1960, Gánà jẹ́ mílíọ̀nù 6.7. Nínú ti 1963, wọ́n kọ Nàìjíríà sí mílíọ̀nù 55.6. Àwa kan ń jiyàn lórí ìkànìyàn 1963, ẹ jẹ́ kó jiyàn náà. Kódà bí ẹ bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀pọ̀ ìlọ́po Gánà ni. Èèyàn ń kọ́lé. Èèyàn ń kan ilẹ̀kùn, ń kan bẹ́ẹ̀dì, ń kan pósí. Ìwọ̀-Oòrùn tiwa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Ọmọ tó wọ kíláàsì nílò bẹ́ńṣì. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì gun òkè ní 1973 sí 1974, ìkọ́lé sì gba gbogbo ìlú kan. Ní 1976 kan náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE gba gbogbo orílẹ̀-èdè. Bẹ́ńṣì mélòó nìyẹn? Pákó ní Òkò Bàbá ti ń mówó wọlé ju gẹdú tí wọ́n ń gbé sọ́kọ̀. Onígẹdú tó ń gba owó lọ́wọ́ lónìí, kí ló fẹ́ fi ṣe oníbàárà tó wà ní Hamburg?

Nítorí náà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de títa gẹdú sókè òkun ní 1976, ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kúrò níbẹ̀ ni wọ́n tì. Ìlà wọlẹ̀. Ṣé gígé igi dínkù? Rárá o. Ó bọ́ sínú ilé. Títí di òní, igi ṣì wà nínú ìwé ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó jáde: gẹdú àti pákó, méjèèjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ tún wà níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, ìpínlẹ̀ ló ni igbó. Oǹdó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ di ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1976 yẹn náà, oníkálukú sì ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ àti ìwé owó tirẹ̀. Èbúté sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ìwé igbó kò bá ìwé èbúté sọ̀rọ̀. Gánà ní tirẹ̀ ṣe òfin ilẹ̀ ní 1962 tó fi igi sí abẹ́ Ààrẹ fún àwọn ọmọ ìlú. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọjà igi sílẹ̀ ní 1960. Ní 1985 wọ́n pín iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì, ọ̀kan fún àyẹ̀wò, ọ̀kan fún ọjà. Lónìí, ẹ̀ka kan lábẹ́ Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó, tó wà ní Takoradi, ni gbogbo ìwé àdéhùn títa igi ń gbà kọjá. Bí ẹ bá rí i pé ìwé Gánà mọ́ tónítóní ju tiwa lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìwé mímọ́ kò ní kí igbó sàn jù.

Gánà: owó ló kọ́kọ́ dí ọ̀nà, kì í ṣe òfin

Ní 1979, Gánà yọ igi 14 tó níye lórí kúrò nínú gẹdú tí wọ́n lè tà láìlà. Wọn kò mú arère mọ́ wọn. Ẹni tó bá wo àwòrán á rí i pé títa gẹdú lọ sílẹ̀ ní ìparí 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980, á sì ní òfin náà ṣiṣẹ́ kánkán. Sùúrù o. Ẹ wo owó.

Nígbà yẹn sídì 2.75 ni ìjọba ń san fún dọ́là kan. Onígẹdú ta igi kan ní dọ́là 100, wọ́n fún un ní sídì 275. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ rẹ̀, epo dísù rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ayùn rẹ̀, iye ẹ̀yìnkùlé ni ó ń rà wọ́n, níbi tí dọ́là kan ti ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ta ni yóò ṣe òwò yẹn? Ọkọ̀ dúró sórí táyà fífọ́, ojú irin bàjẹ́, gẹdú jẹrà nínú igbó. Ní October 1983, nínú ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé, wọ́n sọ dọ́là di sídì 30. Dọ́là 100 kan náà di sídì 3,000. Owó ìrànwọ́ fún ẹ̀rọ tẹ̀ lé e. Kí ló ṣẹlẹ̀? Gẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà, pẹ̀lú òfin 1979 lórí ìwé. Ohun tó lọ sílẹ̀ nítorí owó, owó ló gbé e dìde.

Ẹ̀ẹ̀kejì tó tún dìde kò wá láti Accra rárá. Láti Éṣíà ló ti wá. Íńdónéṣíà ti fòfin de gẹdú tirẹ̀ ní 1985. Sabah ní Màléṣíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1993. Sọ́mìlì tó ń jẹ gẹdú wọn ní Éṣíà kò lè pa ẹnu dé. Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: wọ́n bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń ra igi tí àwọn ará Yúróòpù kò kà sí. Ní 1993 àti 1994, gẹdú tó ń jáde ní Gánà fò sókè débi pé sọ́mìlì Kumasi ń sunkún pé àwọn kò rí igi là. Nígbà tí yóò fi di 1995, ìjọba ti ti ilẹ̀kùn gẹdú igbó pátápátá.

Ẹ rí i báyìí? Ọdún méjèèjì yìí, 1976 àti 1995, kì í ṣe ìtàn kan náà. Nàìjíríà tì í nítorí ilé ń jẹ ẹ́. Gánà tì í nítorí sọ́mìlì rẹ̀ tó ń ta pákó sókè òkun ń sọ̀fọ̀. Igi Nàìjíríà di òrùlé Ìbàdàn. Igi Gánà di pákó àti fíníà tó ń lọ sí Yúróòpù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye igi tí Gánà gé fún òkun lẹ́yìn 1995, kò gbọdọ̀ dúró lórí gẹdú. Kó mú pákó. Sọ́mìlì kì í sábà rí ju bí ìdajì gẹdú lọ gbà bíi pákó. Ìyókù di èèpo àti ìyẹ̀fun igi. Kúbíìkì mítà pákó kan tó bá bá ọkọ̀ lọ, ẹ kà á sí kúbíìkì mítà gẹdú méjì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìlà tó wọlẹ̀ yẹn á dìde padà lójú yín.

Gánà tilẹ̀ fi òdiwọ̀n sí i ní 1996: kúbíìkì mítà mílíọ̀nù kan lọ́dún, ìdajì láti inú igbó ọba, ìdajì láti ìta rẹ̀. Òdiwọ̀n tó dára lórí ìwé. Àmọ́ wọ́n tún fòfin de fífi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la pákó nínú igbó ní 1998, bẹ́ẹ̀ ọjà pákó Accra àti Kumasi ń jẹun lọ́wọ́ ayùn yẹn kan náà. Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, ìbáà ní òǹtẹ̀, ìbáà má ní.

Ẹ kíyè sí ọ̀fìn kékeré kan kí n tó kọjá. Lẹ́yìn ọdún 2000 ẹ óò tún rí gẹdú nínú ìwé Gánà, tí ó ń lọ sí Íńdíà. Ẹ má pariwo pé wọ́n rú òfin. Tíìkì ni, igi tí wọ́n gbìn, òfin kò dè é.

Ibi tí ìwé wa ti kọ òdo

Mo ní ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù sọ́kàn. Bí òfin bá ní ohun kan kò gbọdọ̀ jáde, kí ni ìwé yóò kọ? Òdo, tàbí ohun tó jọ ọ́. Torí náà bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́, ẹ lọ sí ilé ẹni tó rà á. Ẹ wá ìwé orílẹ̀-èdè tó gba ẹrù. Kódù 4403 ni gẹdú, àti gẹdú tí wọ́n kàn fi àáké gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lásán. 4407 ni pákó, 4408 ni fíníà, 4412 ni pulaiwúdù. Ẹ kọ ohun tí olùtà sọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí olùrà sọ. Ẹ fi kúbíìkì mítà wéra, ẹ má fi owó, nítorí owó ọkọ̀ òkun àti ìbánigbófò sábà máa ń wà nínú ti olùrà. Ẹ tún fi oṣù mélòó kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó wà lórí omi ní December.

Ẹ wo ohun tí ọgbọ́n yìí tú síta. Igi kósò wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, àwọn Hausa ń pè é ní madobiya, àwọn oníṣòwò ń pè é ní rósíwúdù; ìbátan igi osùn ni. Ṣáínà ń fi í ṣe àga olówó gọbọi. Láti nǹkan bíi 2014, Nàìjíríà tó ti fòfin de gẹdú láti 1976 di ọ̀kan lára àwọn tó ń kó o lọ sí Ṣáínà jù láyé. Báwo? Wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń pè é ní igi tí a ti ṣiṣẹ́ sí. Ní January 2, 2017, igi náà wọ Àfikún Kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó lè tán láyé, ìyẹn ni pé kò lè kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Nínú ìròyìn tí Environmental Investigation Agency, ẹgbẹ́ kan tó ń tọpa ìwà ọ̀daràn sí igbó àti ẹranko, gbé jáde ní 2017, wọ́n ní ìwé àṣẹ bíi 4,000 ni wọ́n fi tú gẹdú tó ju mílíọ̀nù 1.4 lọ sílẹ̀, tí Ṣáínà ti dá dúró ní èbúté, pé lẹ́yìn tí ẹrù ti kúrò nílé ni wọ́n kọ ìwé ọ̀hún. Ní 2018, CITES ní kí orílẹ̀-èdè má gba kósò Nàìjíríà mọ́. Gánà náà fòfin de tirẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó tún tú u, ó tún dè é ní 2019.

Nítorí náà, bí ẹ bá ya ìlà Nàìjíríà láti ìwé Nàìjíríà nìkan, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ẹ óò rí láti 1976 dòní. Bí ẹ bá yà á láti ìwé Ṣáínà, òkè gíga kan wà ní 2014 sí 2017. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ọdún kan náà ni.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí láti òní lọ

Láti February 2023, ọ̀gànwó àti igi apá (Afzelia) ti ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ Àfikún Kejì CITES náà, pẹ̀lú gbogbo ìbátan kósò ní Áfíríkà. Gẹdú, pákó, fíníà, pulaiwúdù wọn, gbogbo rẹ̀ ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ìyẹn fi ìwé kẹta kún méjì tó wà tẹ́lẹ̀: ìwé olùtà, ìwé olùrà, àti ìwé CITES, níbi tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń ròyìn lọ́dọọdún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ mú ọ̀gànwó nìkan, igi tó bá Ankobra lọ sí òkun níjọ́sí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, ní Akan àti ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di kúbíìkì mítà. Ẹ to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Gánà lápá kan, Nàìjíríà lápá kejì, ọdún lẹ́yìn ọdún. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ti bára mu, ẹ fi pẹ́nsùlù pupa yí i ká.

Ẹ ṣé tí ẹ fetí sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ bàbá kan tó ti nà láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Hoppus. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé makirofóònù fún wọn.